Kí A Tó Dá Káàdì Lẹ́bi: Bí A Ṣe Ń Wá Àbùkù Nínú Ẹ̀rọ Tẹlifóònù Ilé-Iṣẹ́

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tẹlifóònù, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan tí fóònù mẹ́rin ti kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo àpótí ẹ̀rọ, mo rí i pé orí káàdì kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, mo sì sọ fún wọn pé káàdì ti bàjẹ́. Wọ́n ra òmíràn. Nígbà tí mo ti tuntun náà bọ ihò rẹ̀, tí mo sì gbé ọ̀kan nínú àwọn fóònù náà sétí, kẹ́kẹ́ pa, kò sí ìró kankan. Ó gbà mí ní ọjọ́ kan sí i kí n tó rí i pé ara pátákó tí gbogbo wáyà ilé ti ń pàdé ni ọ̀rọ̀ wà, níbi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kán sórí ẹsẹ̀ wáyà mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti bò wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òwe tó ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà kò mọ sórí ẹjọ́ ènìyàn nìkan. Mo gbọ́ ẹjọ́ fóònù, n kò gbọ́ ti káàdì, n kò sì gbọ́ ti wáyà.

Ìlànà kan ṣoṣo ni ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé. A kò gbọdọ̀ sọ pé káàdì bàjẹ́ títí a ó fi gbé e kúrò níbi tó wà lọ sí ibòmíràn, tí àbùkù náà yóò sì bá a lọ. Bí àbùkù bá bá káàdì lọ, káàdì ló jẹ̀bi. Bí àbùkù bá jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí káàdì ti kúrò níbẹ̀, ó di dandan kí a wo ihò tí káàdì wà, wáyà tó so mọ́ ọn, fóònù tó wà ní ìpẹ̀kun wáyà, tàbí ètò tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ. Ohun tó kù ni bí a ó ṣe ṣe ìdánwò yìí láìba nǹkan mìíràn jẹ́, àti bí a ó ṣe gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ti ń sọ fún wa kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àwọn ohun tó wà nínú àpótí

Ẹ̀rọ tẹlifóònù ilé-iṣẹ́, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní PBX, jẹ́ àpótí tí a pín sí ihò-ihò bí pẹpẹ ìwé. Káàdì ló ń wọ inú àwọn ihò náà. Pátákó kan wà ní ẹ̀yìn àpótí tí gbogbo káàdì ń so mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba iná, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka iná ń gba iná ògiri wọlé, ó sì ń sọ ọ́ di iná tí káàdì lè lò: ìwọ̀n bíi fólítì 48 fún àwọn ìlà fóònù, àti fólítì kékeré, bíi 5 tàbí 3.3, fún àwọn èròjà inú káàdì. Káàdì ọpọlọ ni olórí tó mọ nọ́ńbà fóònù kọ̀ọ̀kan, tó sì ń pàṣẹ ẹni tí ìpè yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Káàdì ìlà inú ló ń gbé àwọn fóònù ọ́fíìsì, káàdì ìlà ìta ló ń so ilé-iṣẹ́ mọ́ ayé, bóyá lórí wáyà méjì lásán tàbí lórí ìlà E1, ìyẹn ìlà digital kan tó ń gbé ìpè 30 papọ̀. Module DSP, tó máa ń jókòó lórí káàdì ọpọlọ tàbí lórí káàdì tirẹ̀, ló ń yí ohùn padà láti irú kan sí òmíràn fún fóònù tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ fi sọ́kàn pé káàdì fóònù lásán ti àtijọ́, ìyẹn analog, yàtọ̀ sí káàdì fóònù digital tí olùṣe ẹ̀rọ ṣe fún ara rẹ̀. Fóònù analog tí a bá fi bọ pọ́ọ̀tù digital, ìyẹn ẹnu tí fóònù kọ̀ọ̀kan ti ń so mọ́ káàdì, kò ní ṣiṣẹ́, ẹni tí kò bá sì mọ̀ yóò sọ pé pọ́ọ̀tù náà kú. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n pààrọ̀ tábìlì láàárín yàrá, tí wọ́n sì gbé fóònù kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé ṣe àyẹ̀wò

Kí ẹ tó ṣí àpótí, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo fóònù tó ní ìṣòro sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ihò àti pọ́ọ̀tù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì máa ń yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé bí àwọn tó kú ṣe tò ló ń fi ibi tí ikú ti wá hàn. Bí fóònù kan ṣoṣo bá kú, fóònù náà tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe káàdì. Bí pọ́ọ̀tù méjì tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ léra bá kú lórí káàdì kan, ó ṣeé ṣe kí káàdì jẹ̀bi lóòótọ́, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ káàdì èròjà kan ló ń tọ́jú ìlà méjì tàbí mẹ́rin papọ̀, tí ọ̀kan nínú wọn bá sì jó, gbogbo ìlà tó ń tọ́jú ló ń bá a lọ. Bí káàdì kan bá kú lódindi, ẹ wo bóyá ó jókòó dáadáa nínú ihò, bóyá iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá ọpọlọ ẹ̀rọ sì dá a mọ̀. Bí gbogbo àpótí bá kú, ẹ̀ka iná tàbí káàdì ọpọlọ ni ẹ ó máa bá ṣe.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ káàdì ló ń lo okùn oníwáyà méjì-méjì 25, tó ní ẹsẹ̀ 50 lórí ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà gùn, skru tàbí okùn ìdè ló sì ń dì í mú. Bí ìdè apá kan bá tú, apá náà yóò gbé díẹ̀, bóyá kò ju ìbú èékánná lọ, gbogbo pọ́ọ̀tù tó wà ní ìpẹ̀kun yẹn yóò sì kú tàbí kí ohùn wọn máa há, nígbà tí àwọn tó wà ní apá kejì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Lórí ìwé, ó jọ káàdì tí ìdajì rẹ̀ jó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu okùn náà ní apá méjèèjì kí ẹ tó gbà gbọ́ pé káàdì ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bèèrè ohun tó yí padà. Ṣé àrá sán lálẹ́ àná? Ṣé iná lọ, tó sì padà dé lójijì? Ṣé ẹnikẹ́ni tún yàrá ẹ̀rọ ṣe, ṣé wọ́n kun ògiri, ṣé wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù kọjá níbẹ̀? Kí ẹ wá wọ inú ètò ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ka àkọsílẹ̀ ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti kọ. Aago tí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ wọlé ṣe pàtàkì ju iye ìkìlọ̀ lọ. Mo máa ń wá ìkìlọ̀ tó ṣáájú gbogbo rẹ̀, nítorí pé àwọn tó tẹ̀ lé e sábà máa ń jẹ́ ọmọ rẹ̀: ẹ̀ka iná á kọ́kọ́ rẹ̀, káàdì mẹ́ta á ṣubú, ẹni tó bá ka ìkìlọ̀ láti ìsàlẹ̀ yóò sì lọ ra káàdì mẹ́ta.

Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìtúpalẹ̀

Ẹ gbé ẹ̀dà gbogbo ètò inú ẹ̀rọ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣí fáìlì náà kí ẹ rí i pé ó ní nǹkan nínú. N kò ní dẹ́kun títẹnu mọ́ èyí, nítorí pé lórí ẹ̀rọ mìíràn, bí a bá yọ káàdì tí a sì jẹ́ kí ẹ̀rọ gbà pé kò sí mọ́, gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ lè parẹ́. Ẹ ka ìwé olùṣe láti mọ̀ bóyá wọ́n gbà kí a yọ káàdì nígbà tí iná wà lórí. Àwọn kan gbà á, àwọn mìíràn kò gbà á, nínú àpótí kan náà pàápàá, wọ́n lè gbà á fún káàdì ìlà kí wọ́n má gbà á fún káàdì ọpọlọ. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ pa iná, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú kan kí iná tó fara pamọ́ sínú àwọn èròjà lè ṣàn tán.

Ìṣọ́ra kejì ni iná tó ń gbé ara ènìyàn, irú èyí tó máa ń ta wá lọ́wọ́ nígbà tí a bá bọ́ aṣọ òtútù tí a sì fọwọ́ kan irin. Ká tó mọ̀ ọ́n lára, yóò ti tó nǹkan bíi fólítì 3,000, bẹ́ẹ̀ èròjà mìíràn wà lórí káàdì tí kò lè gba 100. Èyí túmọ̀ sí pé ènìyàn lè pa káàdì tó dára láìmọ̀ rárá, tàbí kí ó dá a lápá, tí yóò fi kú lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ de okùn ọrùn-ọwọ́ tó so mọ́ irin àpótí, kí àpótí fúnra rẹ̀ sì wà lórí wáyà áàtì, ìyẹn wáyà tó ń da iná sínú ilẹ̀. Ẹ di káàdì mú ní etí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú àpò aláwọ̀ fàdákà tó bá a wá, ẹ má gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Iná ni ká bẹ̀rẹ̀ sí

Mo ti rí ọ̀pọ̀ káàdì tí wọ́n pè ní òkú, tó jẹ́ pé ebi iná ló ń pa wọ́n. Ẹ fi mítà wọn iná tó ń jáde láti ẹ̀ka iná nígbà tí gbogbo káàdì wà nínú àpótí, nítorí pé ẹ̀ka iná tó ti rẹ̀ lè fi ìwọ̀n tó pé hàn nígbà tí kò gbé ẹrù, kí ó sì wólẹ̀ nígbà tí ẹrù bá dé e lórí. Ẹ̀tàn kan náà ni ti bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró nígbà tí iná bá lọ. Bátìrì mẹ́rin oní-fólítì 12 tí a so tẹ̀ léra máa ń wà ní nǹkan bíi fólítì 54 nígbà tí ẹ̀rọ ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹ yọ iná ògiri fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì máa wo mítà. Bátìrì tó ní ìlera yóò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, yóò sì dúró. Èyí tó ti gbó yóò máa já lọ sísàlẹ̀ lójú yín títí káàdì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú níkọ̀ọ̀kan. Ẹ bọ́ òrùka ọwọ́ yín kí ẹ tó súnmọ́ bátìrì wọ̀nyí, nítorí pé bí fólítì wọn kò tilẹ̀ pọ̀, agbára tí wọ́n lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan tó láti yọ́ irin mọ́ ìka.

Àmì kan wà tí ó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń bèèrè rẹ̀ lórí fóònù kí n tó kúrò nílé. Bí àwọn fóònù analog bá ń fi ìró "hùnnn" hàn kí a tó tẹ nọ́ńbà, tí wọ́n lè pe ìta, àmọ́ tí ọ̀kankan nínú wọn kò dún nígbà tí a bá pè wọ́n, ohun tó ń mú agogo fóònù lù ló ti kú. Iná agogo yàtọ̀ sí iná ìlà: ó jẹ́ iná aṣeyípadà, nǹkan bíi fólítì 75 sí 90, tó ń yí padà ní ìgbà 20 tàbí 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, inú ẹ̀ka iná ni wọ́n ti ń ṣe é fún gbogbo àpótí. Bí káàdì kan ṣoṣo bá ni kò dún, nígbà náà ni a lè yíjú sí káàdì.

Bí gbogbo fóònù bá ń hó bí i pé oyin ń fò nínú wọn, ẹ yí mítà sí iná aṣeyípadà, kí ẹ sì tún wọn ojú kan náà tí ẹ ti wọn iná tààrà. Ìwọ̀n tó yẹ kí ó súnmọ́ òdo ni. Bí ó bá ga, àwọn capacitor inú ẹ̀ka iná, ìyẹn èròjà tó ń tọ́jú iná pamọ́, ti gbó. Orí wọn máa ń wú bí ìdérí agolo tó bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ka iná lódidi, ẹ má ṣí i, àyàfi bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ yín gan-an, nítorí pé fólítì tó lé ní 300 lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Ìdánwò tó ń dá ẹjọ́

Ká sọ pé fóònù kan tó wà ní ihò 3, pọ́ọ̀tù 5, kò ní ìró. Ẹ lọ sí pátákó ìsowáyà, níbi tí gbogbo wáyà ilé ti ń pàdé, kí ẹ yọ wáyà tó ń lọ sí yàrá oní-fóònù kúrò, kí ó fi jẹ́ pé ohun tó ń bọ̀ láti ara káàdì nìkan ló kù. Ẹ gbé mítà lé ẹsẹ̀ méjèèjì. Lórí pọ́ọ̀tù analog tí kò sí ẹni tó gbé fóònù, ẹ ó rí nǹkan bíi fólítì 48. Àwọn ẹ̀rọ kékeré kan wà tó jẹ́ 24 sí 30 ni wọ́n ń fúnni, ìwé olùṣe ni yóò sọ. Ẹ so fóònù ìdánwò mọ́ ọn, kí ẹ gbé e: fólítì yóò já sí nǹkan bíi 6 sí 12, ìró yóò sì wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, káàdì ti bọ́ nínú ẹjọ́, ẹ máa tọ wáyà lọ. Bí kò bá sí fólítì kankan, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ padà sí ara àpótí, kí ẹ wọn ẹnu káàdì gan-an, nítorí pé okùn tó wà láàárín àpótí àti pátákó náà lè gé.

Bí ẹnu káàdì náà kò bá ní iná, ìgbà yẹn ni ìpààrọ̀ tó kàn. Ẹ wá káàdì irú kan náà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ihò mìíràn, ká ní ihò 6, kí ẹ sì duro títí ilé-iṣẹ́ yóò fi pa. Irú kan náà ni mo sọ, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ihò ni nọ́ńbà so mọ́, kì í ṣe káàdì. Bí a bá ti irú káàdì mìíràn bọ ihò náà, ọpọlọ ẹ̀rọ yóò kọ̀ ọ́. Ẹ yọ okùn wáyà kúrò lára àwọn méjèèjì, kí ẹ pààrọ̀ ihò wọn, kí ẹ dúró títí iná wọn yóò fi padà sí ipò rẹ̀, èyí tó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan bí káàdì bá ń gba firmware, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì fúnra rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Kí ẹ wá wọn pọ́ọ̀tù 5 ní ihò 3 àti ní ihò 6. Àbùkù tó ti wà ní ihò 3 tẹ́lẹ̀, tó sì ti wà ní ihò 6 báyìí, ti jẹ́rìí lòdì sí káàdì. Àbùkù tó kọ̀ tí kò kúrò ní ihò 3 ní ọ̀rọ̀ láti bá pátákó ẹ̀yìn sọ: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, kí ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ kan ti tẹ̀ tàbí pé eruku àti ìpẹtà ti wà níbẹ̀. Aṣọ tí kò ní òwú àti isopropyl alcohol díẹ̀ ni kí ẹ fi nu ẹnu káàdì. Ẹ má fi bébà tí a fi ń ha igi kàn án, nítorí pé wúrà tó wà lójú ẹsẹ̀ náà fẹ́lẹ́ púpọ̀, bí ó bá ti ṣí, kò sí bí a ó ṣe dá a padà.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ káàdì, tó tún pààrọ̀ okùn, tó sì tún ètò kọ ní ìjókòó kan náà lè rí i kí gbogbo rẹ̀ padà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó wò ó sàn, ọjọ́ tí àìsàn náà bá sì padà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yọ okùn wáyà kí ẹ tó pààrọ̀ ni pé káàdì tó bàjẹ́ lè má jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, kí ó jẹ́ ẹni tí wọ́n pa. Bí wáyà fóònù bá fara kan wáyà iná ògiri níbì kan nínú ògiri, iná yóò gba ibẹ̀ wọ káàdì, yóò sì jó o. Bí ẹ bá ti káàdì tó dára bọ ihò kan náà tí wáyà náà sì wà níbẹ̀, ẹ ti pa èkejì nìyẹn. Káàdì méjì tó jó ní ihò kan náà kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ẹ wọn gbogbo wáyà tó ń bọ̀ láti ìta, láàárín ara wọn àti sí áàtì, nígbà tí wọn kò so mọ́ nǹkankan: kò yẹ kí ẹ rí iná kankan lórí wọn.

Káàdì ìlà ìta

Àrá ni ọ̀tá káàdì yìí, nítorí pé ìlà rẹ̀ gba òpó kọjá. Ẹ yọ ìlà kúrò lára káàdì, kí ẹ so fóònù lásán mọ́ ọn níbi tó ti wọ ilé. Bí ìró bá wà tó sì mọ́, ìlà dára. Kí ẹ tó pa dà sí káàdì, ẹ wo àwọn adáàbòbò àrá tó wà lórí pátákó: gáàsì ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ wọn sì ni láti da iná àrá sínú ilẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ìyà púpọ̀, wọ́n lè dì pọ̀, kí wọ́n máa da ìlà gan-an sínú ilẹ̀, ìlà náà yóò sì dà bíi pé ó ti kú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún dán an wò. Bí ìró bá padà, adáàbòbò ni kí ẹ rà. Ẹ má sì fi ìlà náà sílẹ̀ láìní òmíràn.

Ìlà tí kò já nígbà tí ẹni tó pè bá ti gbé fóònù sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi káàdì. Ètò ló ń fà á, nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ àmì tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi ń sọ pé ìpè ti parí. Gbohùngbohùn, ìyẹn kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà, náà sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n kò ṣètò ìwọ̀n ìdènà ìlà, bíi 600 ohm, bá ti ìlà tó wọlé mu.

Káàdì E1 ní ìdánwò tirẹ̀ tó rọrùn. Ìlà E1 pín sí ojú 32, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 64 kbit/s, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.048 Mbit/s: ojú kan fún ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan fún àmì ìpè, 30 tó kù fún ohùn. Nígbà tí iná pupa bá tàn, ẹ mú ẹnu RJ45 kan tí ẹ ti so ẹsẹ̀ 1 mọ́ 4, tí ẹ sì so 2 mọ́ 5, kí ẹ fi bọ káàdì dípò okùn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ohun tí káàdì bá sọ yóò padà sí etí ara rẹ̀. Bí iná pupa bá yí sí àwọ̀ ewé, káàdì ń gbọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀, okùn tàbí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni kí ẹ wá lọ. Bí pupa kò bá kúrò, ẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Èyí tó máa ń mú kí wọ́n dá káàdì E1 lẹ́bi láìjẹ̀bi ni ọ̀rọ̀ aago. Ẹ̀rọ méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà gbọ́dọ̀ máa jó sí ìlù onílù kan, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló sì sábà máa ń lu ìlù náà. Bí PBX yín bá ń lu tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ wọn yóò máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ "kà, kà" nínú ìpè, ìwé fáàsì yóò sì máa já sí àárín. Ẹ pààrọ̀ káàdì lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní kúrò. Ẹ wo iye ìyẹ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ ti kà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ṣètò kí aago wá láti orí ìlà.

DSP àti ọpọlọ ẹ̀rọ

Module DSP tó kú máa ń jẹ́ kí fóònù orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì forúkọ sílẹ̀ dáadáa, kí ó sì dún, àmọ́ kí ohùn má sí nígbà tí a bá gbé e láti bá ìta sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ̀rọ sọ pé ikànnì ti tán nígbà tí ènìyàn méjì péré ń lò ó. Bí ohùn bá ń lọ ní apá kan ṣoṣo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Káàdì ọpọlọ gba sùúrù ju gbogbo wọn lọ. Bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ kan wà lórí púpọ̀ nínú wọn, fólítì 3 ni. Bí ó bá ti gbó, aago ẹ̀rọ yóò padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, nínú ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn ètò pàápàá yóò parẹ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà kí ẹ tó pààrọ̀ káàdì. Bí ẹ̀rọ bá ń pa ara rẹ̀ tí ó sì ń tún ara rẹ̀ tàn, ẹ yọ gbogbo káàdì yòókù, kí ẹ jẹ́ kí ọpọlọ nìkan dìde, kí ẹ wá máa dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn káàdì ìlà kan tó ti jó ló ń fa gbogbo àpótí wólẹ̀. Bí ó bá wá di dandan pé kí a pààrọ̀ ọpọlọ, ẹ rántí pé láísẹ́ǹsì sábà máa ń so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì náà. Ẹ bá olùṣe sọ̀rọ̀ kí tuntun tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti fi sínú àpótí tí gbogbo ilé-iṣẹ́ sì ń dúró.

Àbùkù tó ń wá tó ń lọ

Káàdì tó ń kú lọ́sàn-án tó ń jí lálẹ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ooru. Ẹ wo fáànù: ṣé ó ń yí, ṣé eruku ti dí ojú rẹ̀, ṣé ẹnìkan ti to páálí ìwé sí iwájú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé? Ẹ nu gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́ta ka aago tí àbùkù ń wọlé. Bí ó bá tún wá ní àkókò kan náà, ẹ ṣe ìpààrọ̀ ihò, kí ẹ sì fi káàdì náà síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mìíràn. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀ bí ó ṣe ń rí nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá dúró lórí yín, ṣùgbọ́n àbùkù tí kò sí níwájú wa kò ṣeé fi ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún mú.

Nígbà tí ẹ̀rí bá pé

Káàdì tí ẹ ó rà gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ mu, títí dé lẹ́tà tàbí nọ́ńbà ẹ̀dà tó kẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀dà tuntun lè béèrè firmware tí ọpọlọ yín kò tíì ní. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tì í wọlé, ẹ pe láti orí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan padà, kí ẹ gbọ́ agogo àti ohùn ní ọ̀nà méjèèjì, kì í ṣe pọ́ọ̀tù tó kú tẹ́lẹ̀ nìkan.

Káàdì àtijọ́ kò gbọdọ̀ lọ sínú dúrọ́ọ̀ ní ìhòòhò. Ẹ gbé e sínú àpò rẹ̀, kí ẹ lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sára rẹ̀: ọjọ́, ihò 3, pọ́ọ̀tù 5 sí 8 kò ní iná, àbùkù bá a lọ sí ihò 6, wáyà ìta mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe yóò ti mọ èròjà tí yóò kọ́kọ́ gbé irin ìjólẹ́ẹ̀dì lé kí ó tó ṣí i.